Tọ̀yìbátù àti Ìràwọ̀ Idẹ Ọlábímtán

Ìfọ́n ni wọ́n bí Tọ̀yìbátù sí, Ìlobù ló lọ́kọ sí. Nígbà tí wọ́n ń sin ín lọ sílé Yàkúbù bíríkìlà, kò sí ẹni tó sunkún pé ọ̀nà jìn, nítorí obìnrin tó bá ru omi láti ilé bàbá rẹ̀ lè dé ilé ọkọ rẹ̀ kí ọrùn tó máa dùn ún. Ìlú méjèèjì fara kan ara wọn débi pé àlejò tó bá ń ti Òṣogbo bọ̀ kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílé mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Lórí ilẹ̀ tó wà láàárín yẹn gan-an ni ìjà ti ń wáyé láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń ru.

Iṣẹ́ àlòkù irin ni Tọ̀yìbátù ń ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ tí obìnrin pọ̀ nídìí rẹ̀, òun náà kò sì dìídì wá a. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ni àgọ́ páànù tó wà lẹ́bàá títì. Nígbà tó ń lọ sí Kánò, ó ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun bá òun mójú tó o fún ìgbà díẹ̀. Kò padà wá mọ́, iṣẹ́ sì di ti Tọ̀yìbátù. Àwọn èèyàn á gbé ìkòkò tó ti lu, rédíétọ̀ mọ́tò, ẹsẹ̀ àga onírin àti páànù òrùlé wá. Á gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, á sanwó, á sì kó o jọ títí ọkọ̀ ńlá á fi ti Òṣogbo wá kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin.

Ìkòkò kan ló fa kíkó tó ń kó nǹkan àtijọ́ pamọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adérónkẹ́ kó àwọn ohun èlò ìdáná ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá tà. Nígbà tí Tọ̀yìbátù ń to ìkòkò náà sínú ara wọn, ó rí àkísà kan tí wọ́n dì ní kókó ní ìsàlẹ̀ ọ̀kan. Ó tú u. Owó ló bá níbẹ̀: kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n fi òwú sín bí ìlẹ̀kẹ̀, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè mélòó kan tí orí ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lójú kan, tí igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Ó dìde, ó sáré tẹ̀lé Adérónkẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà.

"Ẹ gbàgbé owó ìyá yín sínú ìkòkò."

Adérónkẹ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n ń fi rà, Ìyá Shakirah? Ẹ kà á mọ́ irin."

Tọ̀yìbátù kò lè kà á mọ́ irin. Ìyá bàbá tirẹ̀ náà máa ń so irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ etí ìró, òun ni wọ́n sì máa ń ní kó tú u tí wọ́n bá fẹ́ rán an níyọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó gbé e relé. Nígbà tí Yàkúbù ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti da owó náà sórí ẹní.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ máa wò ó ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Yàkúbù wí, ó sì lọ wẹ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí irin tó kúrò ní àgọ́ yẹn tí Tọ̀yìbátù kò kọ́kọ́ fọwọ́ tú. Agolo kan di méjì, ó di apẹ̀rẹ̀. Ó rí owó ẹyọ, ó rí ónínì tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ó sì rí àwọn owó róbótó tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fún òṣìṣẹ́ wọn láyé àtijọ́ láti fi gba oúnjẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi máa dán. Ọkùnrin kan tó ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti Ìbàdàn wá wò wọ́n, ó mú ṣílè kan, ó mi orí.

"Ìyá, ẹ ti bó o láwọ. Ẹni tó ń ra nǹkan àtijọ́, àgbà ara rẹ̀ ló ń rà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Kò fi eérú kan wọn mọ́. Ó ta àwọn tó ní méjì-méjì fún ọkùnrin náà, ó sì di ìyókù mú.

Lẹ́yìn owó ni àmì ẹ̀yẹ àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn ọmọ Ìlobù, Ẹ̀rìn àti Ìfọ́n wà lára àwọn tó lọ sógun Bọ́mà nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn mìíràn sì lọ sógun Bíáfúrà lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn ológun ọ̀hún ti kú tán. Tí àwọn ọmọ wọn bá ń palẹ̀ yàrá mọ́, gbogbo irin tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń dà sínú àpò kan, pẹ̀lú ìdè ìgbànú, bọ́tìnnì idẹ àti ohun tí wọ́n fún bàbá wọn. Tọ̀yìbátù ra aṣọ pupa, ó ní kí káfíńtà bá òun fi bo pátákó kan, ó sì kan àwọn àmì náà mọ́ ọn. Ó gbé pátákó náà kọ́ ògiri àgọ́, níbi tí òjò kò lè dé. Àwọn tó ń dúró de òṣùwọ̀n máa ń wò ó. Ohun tó máa ń dun obìnrin náà ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní orúkọ lára. Ẹni tó bá bi í pé ta ló ni èyí, "Ológun kan ni" nìkan ló lè fi dá a lóhùn.

Ní ti ìbọn, kò wá a. Àwọn ọmọ ọdẹ kan ló gbé ṣakabùlà méjì wá lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn. Irin ẹnu ìbọn náà ti dípẹtà, igi ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ti fi idẹ ya àwòrán ẹyẹ sí i lára. Tọ̀yìbátù kò lè kó o fún ọkọ̀ Òṣogbo. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìbọn ìléwọ́ kékeré kan. Yàkúbù fúnra rẹ̀ ló bá a nínú ògiri ilé alájà kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún un pé kó wó. Wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́ ẹ mọ́ inú ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Kò ní ibi tí wọ́n ti ń fà á mọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Yàkúbù fi àpò sìmẹ́ǹtì wé e wá sílé, ó ní, "Wò ó, mo rí ọ̀kan fún ọ." Àwọn ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìn àpò irin nínú àgọ́. Kì í gbé wọn kọ́ fún ẹnikẹ́ni wò.

Ìjà ilẹ̀ kan wáyé tí wọ́n sun ilé ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn tí ó rọlẹ̀, irin tó ti jóná pọ̀ lọ́jà ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti àdúgbò, Jàlálù, gbé àpò kan wá. Tọ̀yìbátù tú u. Ìkòkò ló wà nínú rẹ̀, àti irin ìránṣọ, àti aṣọ tó jó kan tí wọ́n fi wé nǹkan. Nínú aṣọ náà ni ó ti rí àmì ẹ̀yẹ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà. Èkejì róbótó, tí kìnnìún dúró lórí ẹranko bí ejò lára rẹ̀. Irú wọn wà lórí pátákó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí àwọn èyí padà, ó rí i pé ẹnì kan ti fi ìṣó họ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ìkọ̀wé ọmọ iléèwé: ỌLÁBÍMTÁN ÌFỌ́N.

"Jàlálù, níbo lo ti rí èyí?"

"Irin ni, Ìyá. Ẹ wọ̀n ọ́n."

"Mo béèrè ibi tó o ti rí i."

Jàlálù wo títì. "Ilẹ̀ ni mo ti ṣà á. Tí ẹ ò bá rà á, mo máa gbé e lọ sí Ẹ̀rìn."

Tọ̀yìbátù mọ̀ pé tó bá gbé e lọ, wọ́n máa yọ́ ọ. Ó wọ̀n ọ́n, ó sanwó rẹ̀. Kò kan ti Ọlábímtán mọ́ pátákó. Ó fi í sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, ó dọ́gbọ́n béèrè ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ́n bóyá wọ́n mọ ìdílé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Sofiyullah, ní òun mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti sun ilé wọn, ọmọ bàbá náà tó kù láyé ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa padà. Tọ̀yìbátù kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó fi àmì náà síbi tó wà.

Nígbà tí ìjà tún ru lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì, àwọn ṣọ́jà sì dúró sí oríta. Wọ́n ń wọ ilé kiri, wọ́n ń wá ohun ìjà. Ìgbà yẹn ni ìbọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn àpò irin di ìṣòro. Yàkúbù àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n ń gbà á rò.

"Jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀, kí n rì í," Yàkúbù wí. "Mo lè ṣe é kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Tọ̀yìbátù mi orí. "Ìbọn tí a bá rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá hú u, ta ló máa gbà pé ohun àtijọ́ ni? Ẹ rántí pé ọmọ Ìfọ́n ni mí. Wọ́n á ní èmi ni mo ń tọ́jú ìbọn de àwọn ará ilé mi."

"Ṣé ká wá gbé e lọ bá wọn ni?"

"Ká gbé ìbọn dání lójú títì níwájú ṣọ́jà? Rárá. Èmi ni mo máa lọ. N ò ní mú nǹkan kan dání."

Yàkúbù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí òun lọ, obìnrin náà ní ọkùnrin tó bá ń rìn lọ bá wọn lákòókò yìí, kó tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n á ti dá a dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwọn èèyàn láàyè láti jáde ra oúnjẹ, ó yọ ìbòrí ńlá tó máa ń wọ̀, ó so gèlè pẹlẹbẹ mọ́rí, kí wọ́n lè rí i pé kò fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó rìn ní àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gba ọmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà tó gbọ́ Yorùbá ní kó dúró. "Mama, kí lẹ wá ṣe?"

"Ọmọ mi, irin àlòkù ni mò ń rà. Àwọn ìbọn ayé àtijọ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tí wọn ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ wá kó wọn kí ẹlòmíràn tó wá sọ fún yín."

Ṣọ́jà náà yí sí ọ̀gá rẹ̀, ó bá a sọ ọ́ lédè òyìnbó. Wọ́n gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀, ó ń júwe ọ̀nà títí wọ́n fi dé àgọ́. Gbogbo àdúgbò ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá náà gbé ṣakabùlà kìíní sókè, ó wo ẹnu rẹ̀. Kòkòrò ti fi amọ̀ kọ́lé sí i, ó dí pátápátá. Ó mú ìbọn ìléwọ́, ó wá ibi tí wọ́n ti ń fà á, kò rí i. Ó kọjá sídìí pátákó pupa, ó dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ń béèrè bóyá ológun ni ọkọ yín," èyí tó gbọ́ Yorùbá wí.

"Bíríkìlà ni, sà."

Ọ̀gá náà kò fọwọ́ kan pátákó. Ó ní òfin kò mọ ìbọn àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun, àwọn máa kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé fúnra rẹ̀ ló wá, àwọn kò ní mú un. Kí wọ́n tó lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọn náà, ó sì fi fóònù yà á ní fọ́tò.

Fọ́tò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe jáde, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti wà lórí Wọ́sáàpù gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n bá ìbọn nílé obìnrin kan. Ní Ìlobù, wọ́n ní ọmọ Ìfọ́n tí wọ́n fẹ́ síbí ló ń kó ìbọn jọ de wọ́n. Ní Ìfọ́n, wọ́n ní obìnrin Ìlobù kan ni, ìbọn tí wọ́n fẹ́ fi pa àwọn ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Shakirah, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Òṣogbo, pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Tí mo bá lọ, òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn nìyẹn," Tọ̀yìbátù dá a lóhùn.

Ó pe Sofiyullah ní Ìfọ́n. Fóònù dún títí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbé e. Nígbà tí wọ́n dẹ kónílé-ó-gbélé, ó ṣí àgọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé irin wá. Àwọn tí wọ́n jọ máa ń kíra wọn ń gba òdìkejì títì kọjá. Ó jókòó sídìí òṣùwọ̀n láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó ń to kọ́bọ̀ sórí itan rẹ̀, ó ń tú u ká, ó tún ń tò ó.

Yàkúbù ń wò ó. Kò sọ ohun tó ní lọ́kàn fún un. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ó tọ lèmọ́ọ̀mù lọ, ó ní kó jọ̀ọ́, òun fẹ́ bá àwọn ará sọ̀rọ̀. Ẹnu ya àwọn tó mọ̀ ọ́n, nítorí wọn kò rí i kó dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kankan rí.

"Ẹ̀yin ará," ó wí, "ẹ ti rí fọ́tò ìyàwó mi. Wọn kò bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló lọ pè wọ́n. Èmi ni mo gbé èyí tó kéré wá sílé, inú ògiri ilé alájà tí mo wó ni mo ti rí i. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà nínú yín. Àwọn tó ta méjì yòókù fún un náà wà níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bínú, kó wá bá èmi."

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà, ọmọ ọdẹ kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní òun ló gbé ṣakabùlà bàbá òun lọ tà, irin lásán sì ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ṣì ń kùn nígbà tí wọ́n ń wá bàtà wọn, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìkòkò àti páànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àgọ́ padà. Tọ̀yìbátù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àfìgbà tí obìnrin kan wá kí i pé ọkọ rẹ̀ ṣe bí ọkùnrin. Ó gún iyán fún Yàkúbù lọ́jọ́ náà. Yàkúbù jẹ ẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí.

Ti Ìlobù rọlẹ̀ báyìí, ti Ìfọ́n ṣì kù.

Ẹni tó sọ fún un pé ọmọ Ọlábímtán ti dé ni obìnrin kan tó máa ń ti Ìfọ́n kó àgbàdo kọjá. Ó ní bàbá náà, Tíṣà Ọládiípọ̀, ti fẹ̀yìn tì, ó sì wà nílé bàbá rẹ̀ báyìí, ó ń tún òrùlé ṣe. Tọ̀yìbátù yọ àmì méjèèjì láti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ mímọ́ wé wọn. Kò sọ fún Yàkúbù ju pé òun ń lọ sílé àwọn lọ.

Ó bá Tíṣà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń wo àwọn káfíńtà lókè. Òrùlé ìhà kan jẹ́ páànù tuntun, ìhà kejì ṣì dúdú. Tọ̀yìbátù kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú ewu iná. Ẹ kú àtúnṣe."

"A dúpẹ́ o. Ẹ dìde, Ìyá. Ta ni mo máa pè yín?"

Ó sọ orúkọ bàbá tirẹ̀. Tíṣà mọ̀ ọ́n, wọ́n ti mọra láti ìgbà èwe. Ohùn rẹ̀ yí padà sí ti ẹni tó ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ lọ sí Ìlobù nígbà náà. Ìwọ náà ni obìnrin tó wà nínú fọ́tò."

"Èmi ni, sà. Irọ́ ni ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀."

"Mi ò tíì sọ pé òótọ́ ni. Kí lo gbé wá?"

Ó tú aṣọ náà síwájú rẹ̀. Tíṣà Ọládiípọ̀ kò mú un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ awò rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. Nígbà tó mú ìràwọ̀ idẹ náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kíákíá bí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ bá níbẹ̀. Ó fi èékánná tẹ̀lé lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Èmi ni mo họ ọ́," ó wí nígbà tó yá. "Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Bàbá mi kò mọ̀wé, ó ní kí n kọ orúkọ òun sí i kí wọ́n má bàa jí i níbi ìpàdé àwọn ológun. Mo kọ orúkọ ìlú mọ́ ọn. Ó yìn mí lọ́jọ́ yẹn." Ó gbé e lé itan. "Inú yàrá mi ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n sun ilé yìí. Ta ló tà á fún ọ?"

Tọ̀yìbátù ti mọ̀ láti ilé pé ó máa béèrè. "Sà, mo mọ ẹni náà. Ẹ dárí jì mí, mi ò ní lè dárúkọ rẹ̀."

"Ẹni tó kó o ló sun ilé mi."

"Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló ti ṣà á bó ṣe wí. Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dárúkọ, àwọn ọmọ tó wà níta yìí á gbọ́, àwọn náà á lọ sun ilé bàbá tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á tún gbé irin ibẹ̀ wá."

Àwọn káfíńtà ti dẹ́kun kíkàn. Tíṣà wo òkè, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó kó àmì méjèèjì, ó wọlé. Tọ̀yìbátù dúró lórí eékún. Nígbà tí kò jáde mọ́, ó ká aṣọ rẹ̀, ó kí àwọn káfíńtà pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Ó gba iwájú ilé bàbá rẹ̀ kọjá láì yà. Ó sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó nu ojú rẹ̀ kó tó dé Ìlobù.

Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan dúró sí iwájú àgọ́. Páànù jíjóná ló kún inú rẹ̀. Tíṣà Ọládiípọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Tọ̀yìbátù kúnlẹ̀ kí i, ó yára wá àga.

"Òrùlé mi nìyẹn," Tíṣà wí. "Àwọn kan ní Ìfọ́n fẹ́ rà á, mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni mò ń gbé e lọ. Wọ̀n ọ́n."

Nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, bàbá náà rìn lọ sídìí pátákó pupa. Ó wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ó sì gbọ́ pé púpọ̀ wọn kò ní orúkọ. Ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó yọ èyí tó róbótó jáde, èyí tí kìnnìún wà lára rẹ̀.

"Ìràwọ̀ ń bẹ nílé. Ìyẹn ni bàbá mi fẹ́ràn, àwọn ọmọ mi ló máa jogún rẹ̀. Kan èyí mọ́ àárín àwọn tìrẹ, kí o sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta."

"Sà, ẹ̀yìn tí orúkọ wà?"

"Ẹ̀yìn náà ni mo wí. Ẹni tó bá wá síbí á rí i pé ọmọ Ìfọ́n wà lára wọn." Ó jókòó. "Mo ti bínú sí ọ títí. Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn. Ní báyìí, mi ò tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Má sọ ọ́ fún mi, kódà tí mo bá béèrè."

"Mo gbọ́, sà."

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló lọ bá Sofiyullah nílé lẹ́yìn ìgbà náà. A kò mọ ohun tó sọ fún un. Nígbà ọdún Iléyá, Sofiyullah gbé ẹran wá sí Ìlobù, ó jókòó ti Yàkúbù, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò àti iye tí sìmẹ́ǹtì dà. Kò dárúkọ fọ́tò. Tọ̀yìbátù náà kò dárúkọ rẹ̀.

Àwọn ṣọ́jà ti kúrò ní oríta, wọn kò sì dá ìbọn náà padà. Tọ̀yìbátù kò béèrè rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìbọn wá báyìí, bó ti wù kó gbó tó, á ní kó lọ bá àwọn ọlọ́pàá, á sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà nítòsí gbọ́. Jàlálù ṣì ń gbé irin wá. Ó máa ń dúró ní ẹ̀bá títì láti ìgbà tí orúkọ Ọlábímtán ti wà lórí pátákó, kì í wọnú àgọ́, ibẹ̀ ni Tọ̀yìbátù sì ti máa ń lọ wọ̀n ọ́n fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ amúlétutù tó ti bàjẹ́ ló gbé wá. Tọ̀yìbátù bi í níbi tó ti rí i. Jàlálù dárúkọ ẹni tó ni ín, ó fún un ní nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún, ó sì dúró títí Tọ̀yìbátù fi pe ẹni náà.